Brampton, Calgary, Winnipeg àbí Halifax: ẹ bá wa mú ìlú kan

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kánádà. Ìwé PR wa, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí lọ, ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúkọ tèmi la fi gbà á nípasẹ̀ Express Entry, ètò tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi ń yan àwọn tó mọṣẹ́, ọkọ mi àtàwọn ọmọ ló bá mi wọlé. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Oníṣẹ́ iná lọkọ mi, iná ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣe, kì í ṣe ká kàn so gílóòbù. Ọmọ wa méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọdún márùn-ún. Nígbà tí a ń wá ìwé yìí, gbogbo àdúrà wa ni pé kó ṣáà jáde. Ó wá jáde tán, kì í ṣe ìpínlẹ̀ kankan ló yàn wá, a lè gbé ibi tó bá wù wá yàtọ̀ sí Quebec tó ní ètò tirẹ̀. Ìyẹn ló di ìjà inú ilé wa báyìí.

Mọ̀lẹ́bí ọkọ mi kan wà ní Brampton, ní Ontario. Ó ní yàrá méjì ṣófo ní abẹ́ ilé òun, ká máa bọ̀, òun ò ní gbowó lọ́wọ́ wa fún oṣù méjì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka iléèwé nọ́ọ̀sì wà ní Calgary, ó ní Ontario ti kún àkúnya, pé kò sí owó orí ọjà ní Alberta. Pásítọ̀ wa ní ọmọ òun wà ní Winnipeg, ní Manitoba, kò ju ọdún mẹ́rin lọ tó fi kọ́lé. Ìyá mi ti gbọ́ pé òtútù Winnipeg máa ń gé etí èèyàn, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí i. Ẹnì kan tún wá dárúkọ Halifax, ní Nova Scotia. Mo wò ó lórí àwòrán ilẹ̀, etí òkun pátápátá ni, bíi pé wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀ náà sómi.

Kí n má purọ́, owó ọwọ́ wa ò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ìjọba wọn ní ká fi hàn lọ, ìyẹn ohun tó lé díẹ̀ ní 28,000 dọ́là Kánádà fún ẹni mẹ́rin. A ti ta mọ́tò. Ibi tí a bá sọ ẹrù sí la máa gbé, a ò lówó ìkókiri. Àyẹ̀wò ara tí a ṣe máa kú ní oṣù kẹsàn-án, a gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó dìgbà yẹn. Kí ni ká wò ká tó mú ìlú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé gbogbo ibi ló dáa.

Bọ̀ọ̀dá Brampton

Màdáámù, ẹ kú oríire. Kí lẹ tún wá ń bèèrè? Ẹni tó rí yàrá ọ̀fẹ́ ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà. Brampton níbí, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ kúrò nílé. Iṣu wà, èlùbọ́ wà, ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀, pọ̀nmọ́, ohun tí ẹnu ń fẹ́ ló wà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá wàásù wà. Tó bá di Sátidé, òde ìnáwó lè pe èèyàn sọ́nà mẹ́ta. Pápá ọkọ̀ òfurufú Pearson, ti Toronto, ò jìnnà, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ òfurufú míì lé e lórí. Iṣẹ́ kó-ẹrù-sókè-kó-ẹrù-sílẹ̀ pọ̀, ọkọ yín á ti rí nǹkan ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní fi pa mọ́ fún yín ni ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Wọ́n ń jẹ wá níyà lórí ẹ̀ níbí, àwa la wà lára àwọn tó ń san èyí tó wọ́n jù ní gbogbo Ontario. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ń pè yín lọ síbi tí itọ́ ti ń dì mọ́ni lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì Winnipeg

Bọ̀ọ̀dá Brampton, a ti gbọ́. Itọ́ tó dì mọ́ mi lẹ́nu yìí náà ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi, kú oríire. Àwọn tèmi ti ń wọ bàtà bàbá wọn, nítorí náà jẹ́ kí n pè ọ́ ní àbúrò. Ìlú kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé nọ́ọ̀sì ni ọ́. Kò sí láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ti gbogbo Kánádà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tó ń fún èèyàn ní tirẹ̀: College of Nurses of Ontario ló ń ṣe ti Ontario, CRNM ló ń ṣe ti Manitoba, CRNA ló ń ṣe ti Alberta. Ìdánwò NCLEX kan náà lo máa ṣe, àmọ́ ìwé tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó jẹ́ kó o jókòó ṣe é, àti bí ọwọ́ wọn ṣe yá sí, kò rí bákan náà rárá. Iṣẹ́ iná ọkọ rẹ náà, òfin ìpínlẹ̀ ló dè é. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn á kàn gbé páláyà dání lọ ṣe.

Nítorí náà, èyí ni kí ẹ jókòó bi ara yín: nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwé iṣẹ́ ta ló máa kọ́kọ́ jáde, ìpínlẹ̀ wo ló sì ti máa yá jù? Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Yàrá ọ̀fẹ́ oṣù méjì, oṣù méjì náà ló máa fi tán. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró ní ẹ̀bá Toronto torí pé ẹ̀gbọ́n wọn wà níbẹ̀. Wọ́n wọ iṣẹ́ PSW, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí àwa ń pè ní health care aide níbí, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwé ìdánwò ṣì wà nínú báàgì. Kì í ṣe pé wọ́n yọ̀lẹ. Owó ilé ló gbẹ́sẹ̀ lé wọn lọ́rùn. Bí owó ilé bá ti gba gbogbo owó iṣẹ́ ẹnì kan, ẹnì kejì ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé láéláé.

Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. A dé síbí ní 2019, nínú oṣù kọkànlá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì gbẹ. Ọkọ mi wọ ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran, èmi ń fi òru ṣọ́ àwọn arúgbó. Fúláàtì oníyàrá méjì la gbà, 1,150 dọ́là nígbà yẹn, hítà àti omi wà nínú ẹ̀. Owó iṣẹ́ ọkọ mi nìkan gbé e, oúnjẹ sì ṣẹ́ kù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè fi àwọn arúgbó mi sílẹ̀ lọ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí n ṣe kí wọ́n tó fún mi níwèé olùkọ́. Ká ní Toronto la wà ni, mi ò mọ bí mo ṣe máa dọ́gbọ́n ẹ̀. Owó ilé ti gbẹ́nu sókè níbí náà o, kò sí ibi tí kò wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ní Manitoba, ìjọba ló ń dá iye tí onílé lè fi lé owó ilé lọ́dọọdún. Ti 2025, 1.7% ni. Àwọn ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àti àwọn tó gbówó gegere ni òfin yẹn ò mú. Owó ìdúró tí onílé lè gbà kí ẹ tó kó wọlé, ìdajì owó oṣù kan ni. Ontario ò tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti gbà owó nítorí pé nǹkan lè bàjẹ́, owó oṣù tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n lè gbà sílẹ̀. Ẹ rántí èyí bí ẹnì kan bá ní kí ẹ kó owó oṣù mẹ́fà wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òtútù, kí màmá lè sùn. Ní oṣù kìíní, òru -30 kì í ṣe ìròyìn níbí. Mọ́tò wa ní okùn iná tó yọ síta níwájú bí ahọ́n ajá, èèyàn á tì í bọ pulọ́ọ̀gì lálẹ́ kí ẹ́ńjìnì má bàa dì. Ọkọ rẹ máa rẹ́rìn-ín títí. Ní iléèwé tí mo ti ń kọ́ni, bí òtútù òun afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí -27, inú ilé làwọn ọmọ ti ń ṣeré. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìta ni, ọmọ Ìbàdàn náà á sáré nínú sínóò bíi tàwọn yòókù, á ní kóun má wọlé. Ẹ̀yin àgbà lẹ máa jìyà ẹ̀. Nínú oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Òtútù tiwa gbẹ, òòrùn sì máa ń ràn, ìyẹn sàn fún mi ju òjò òun afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá di ìgbà ooru, ẹ̀fọn ń bẹ níbí tó máa jẹ́ kó o rántí ilé. Wọn ò ní ibà lára, ìtùnú kan ṣoṣo nìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àlejò ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ ò ní ní mọ́tò nígbà tí ẹ bá dé. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ò ṣeé pààrọ̀ tààrà ní ìpínlẹ̀ kankan nínú àwọn tí o dárúkọ, ẹ máa ṣe ìdánwò. Winnipeg ò ní ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, bọ́ọ̀sì nìkan ni, ní oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n tún gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì pín tuntun. Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe, aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Nítorí náà, kí o tó sọ pé o fẹ́ràn fúláàtì kan, ṣí àwòrán ọ̀nà lórí Google, fi àdírẹ́sì fúláàtì náà síbẹ̀, fi ti ilé ìwòsàn síbẹ̀, kí o wá ní o fẹ́ dé aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tí ó bá ní kò sí bọ́ọ̀sì, fúláàtì yẹn kì í ṣe tìrẹ, bó ti wù kó dán tó. Bó o ṣe mọṣẹ́ ọmọdé yìí, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé wa wà nínú Health Sciences Centre ní ọ̀nà William. Brampton ò ní tirẹ̀. SickKids ló wà nítòsí, àárín Toronto gan-an sì ni, èèyàn á ti jí kí àkùkọ tó kọ kí ó tó débẹ̀.

Ẹni tó bá wá síbí, Pembina Highway ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wò, lẹ́bàá yunifásítì, bọ́ọ̀sì ń kọjá níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Àwọn ara wa tó ti pẹ́ ló ń ra ilé sí Bridgwater. Ọmọ pásítọ̀ yín ò kọ́lé o. Bánkì ló nilé, òun ń san án díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó fi ọdún 25 san án. Kò burú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀.

Owó ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ń san lóṣooṣù, òfin kan náà ni jákèjádò Kánádà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fa yín wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Oníwáyà Calgary

Ẹ kú oríire, àǹtí. Iṣẹ́ ọkọ yín ni mò ń ṣe níbí, nítorí náà òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Kì í ṣe lẹ́tà "ọmọlúàbí ni". Lẹ́tà tó sọ ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ẹ kúrò, iye wákàtí, irú iṣẹ́ iná tí ẹ ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lè pè tí ẹnì kan á gbé e. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa fi pinnu bóyá ẹ lè jókòó ṣe ìdánwò oníṣẹ́ tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àbí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni ti ọmọ iṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá yege Red Seal, ìwé rẹ̀ gbà jákèjádò Kánádà, ó lè gbé e lọ síbi tí ìyàwó bá fẹ́. Mo rí ọ̀gá oníná kan láti ilé wa tó ń fa wáyà lábẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, torí pé ilé iṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ nílé ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tó lè bá a kọ lẹ́tà mọ́.

Ẹ má rò pé iná ni iná. Ilé wa, 240 fólìtì àti 50 Hz. Níbí, 120 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, 240 wà fún ààrò àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 60 Hz. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé, inú pákó la ń fa wáyà gbà, kì í ṣe inú páìpù tí a sin sínú sìmẹ́ńtì. Òfin iṣẹ́ iná wọn wà nínú ìwé kan, Canadian Electrical Code, ìwé yẹn ni ìdánwò náà dá lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nísinsìnyí. SAIT, iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan níbí, ní àwọn kíláàsì fún oníṣẹ́ iná, mo mọ àwọn tí ó ràn lọ́wọ́.

Ó kù sí Calgary. Ọ̀rẹ́ yín tó ní kò sí owó orí ọjà ní Alberta, ìdajì ló sọ. Ti ìpínlẹ̀ ni kò sí, 5% ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ontario ń gba 13%, Manitoba 12% bí ẹ bá ro ó pọ̀, Nova Scotia 14%. Ṣùgbọ́n ìrẹsì, iṣu, ẹran tútù àti wàrà, kò sí ibì kan ní Kánádà tí wọ́n ti ń gba owó orí ọjà lórí wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ ń bá oúnjẹ àti owó ilé lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èrè náà. Tó bá ra mọ́tò, ìgbà yẹn ló máa rí i.

Èyí tí wọn kì í polówó ni pé kò sí òfin tó dá iye owó ilé dúró ní Alberta. Onílé ò lè fi lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n iye tó bá wù ú ló lè fi kún un. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa, a kó jáde. Yìnyín náà tún ń bẹ. Ní oṣù kẹfà 2020 ó bọ́ lu ìlà-oòrùn àríwá Calgary, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pọ̀ sí, ó lu ara ilé àti mọ́tò bàjẹ́, ó tún padà wá ní 2024. Ìnṣọ́ránsì ò gbàgbé.

Òtútù wa sàn ju ti Ìyá Ìbejì lọ, kí wọ́n máà bínú. Afẹ́fẹ́ kan máa ń fẹ́ láti orí òkè Rockies, Chinook lorúkọ rẹ̀, èèyàn á jí ní -18, tó bá di ọ̀sán sínóò ti ń yọ́ lẹ́sẹ̀ títì. Orí máa ń fọ́ àwọn míì nígbà tó bá ń fẹ́. Ọkọ̀ ojú irin CTrain wà, ọ̀fẹ́ sì ni láàárín ìgboro. Fún iṣẹ́ ọmọdé, Alberta Children's Hospital wà níbí. Iṣẹ́ iná wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, torí tó bá já wálẹ̀, gbogbo wa là ń mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Halifax

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá, oníṣẹ́ kan náà ni wá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ibi tí ìwé iṣẹ́ bá ti máa kọ́kọ́ jáde ni kí ẹ lọ. Fún nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí. Ní 2023, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì Nova Scotia kéde ọ̀nà kúkúrú fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méje: Philippines, Íńdíà, Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Australia àti New Zealand. Wọn ò ní máa fi ọdún gbáko gbé ìwé ẹ̀kọ́ yín yẹ̀ wò. Tí ìforúkọsílẹ̀ yín bá mọ́ nílé, NCLEX ló kàn. Ilé yín ní Mọ́kọ́lá lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gba láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ kan, ó lè fi bèèrè ti ìpínlẹ̀ míì láìbẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ àwọn tó gba tiwọn níbí tí wọ́n ti wà ní Alberta báyìí, mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ohun tó máa dá yín dúró wà ní Àbújá. Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ nọ́ọ̀sì wa, verification yẹn, kì í yá. Òfin tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ní kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán kó tó bèèrè, ìyẹn ò kàn yín, ṣùgbọ́n oṣù ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ọ̀sẹ̀. Tí ẹ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù yìí dé kí ẹ lọ bẹ̀rẹ̀.

IWK ni ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé àti ìyálọ́mọ níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ tó bá ṣàìsàn gan-an ti máa ń wá láti New Brunswick àti Prince Edward Island náà.

Mi ò ní ta Halifax fún yín. Ilé ò sí. Tó bá wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó kó wá láti Ontario ti wà lórí ìlà. Òtútù ò tó ti Winnipeg, ṣùgbọ́n ó tutù wọnú egungun, afẹ́fẹ́ òkun á gbé agbòjò yín lọ tẹ́ ẹ ò ní rí i mọ́. Ìjẹ̀bú ni mí, mo lè sọ fún yín pé gàárì tí mò ń rà níbí ò kan dáadáa. Àwa Yorùbá ò pọ̀ bíi ti Brampton, gbogbo wa mọ ara wa, ohun tí mo fẹ́ nínú ẹ̀ nìyẹn, ohun tó máa sú àwọn míì náà nìyẹn. Ohun kan tí mi ò mọ̀ kí n tó dé: àwọn aláwọ̀ dúdú ti wà ní Nova Scotia láti ohun tó lé ní 200 ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn gúnlẹ̀ síbí ní 1783 lẹ́yìn ogun Amẹ́ríkà. Àdúgbò wọn kan wà nínú Halifax, Africville, ìjọba ìlú wó o láàárín 1960 sí 1970, ọdún 2010 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. Nítorí náà àwọn ọmọ yín ò ní jẹ́ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá ìtàn tó rọrùn níbẹ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún ọkọ mi lálẹ́ àná, nígbà tó dórí 120 fólìtì ló dìde jókòó. Ó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ láàárọ̀ yìí nítorí lẹ́tà. Verification, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kejì, kò tíì dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé nìyí: mo fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní Nova Scotia láti ibí. Ọkọ mi ní Calgary ni iṣẹ́ iná wà. Ó ní ká lo yàrá ọ̀fẹ́ Brampton ná títí láísẹ́ǹsì á fi jáde. Ṣé ohun tó dáa ni? Tí a bá gúnlẹ̀ sí Toronto, ṣé wọn ò ní ní Ontario la gbọ́dọ̀ gbé?

Ìyá Ìbejì Winnipeg

Rárá, kò sẹ́ni tó máa dè yín mọ́ Ontario. Pearson kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni. Àdírẹ́sì tí wọ́n máa fi káàdì PR yín ránṣẹ́ sí ni wọ́n máa bèèrè, tí ẹ ò bá tíì ní, ẹ ní 180 ọjọ́ láti fi ránṣẹ́ sí wọn.

Brampton fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbà. Ẹ kí mọ̀lẹ́bí yín, ẹ sun oorun ọkọ̀ òfurufú tán, kí ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ dúró de láísẹ́ǹsì níbẹ̀, mi ò gbà. Àwọn ọmọ máa wọ iléèwé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á ní ọ̀rẹ́, ọkọ rẹ á rí iṣẹ́ kẹ́rùkẹ́rù kan, ẹ máa fọwọ́ sí owó ilé ọdún kan, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í fẹ́ kó kiri. Ẹ mú ìlú tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe wí náà ló rí, ibi tí ìwé bá ti yá jù. Ó jọ pé Halifax ló borí, mi ò bínú. Tí iṣẹ́ iná bá wá fà yín lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ kan, inú ọkọ̀ lẹ máa gbà kọjá lára mi, mo máa se ẹ̀bà.

Bọ̀ọ̀dá Brampton

Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí ti gba àlejò mọ́ mi lọ́wọ́. Màdáámù, tí ẹ bá dé Pearson, ẹ kọ̀wé síbí, mo ní ọkọ̀ tó lè gba ẹrù, mọ̀lẹ́bí yín lè má ní.

Oníwáyà Calgary

Àǹtí, ẹ sọ fún ọkọ yín pé Red Seal tó bá gbà ní Halifax máa wúlò níbí náà. Kò sí ìjà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣáà gba lẹ́tà yẹn kí ilé iṣẹ́ náà tó yí ọ̀gá padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Halifax

Kí ẹ wo Dartmouth náà, òdìkejì omi ni, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn kọjá sí Halifax láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan náà ni. Ilé ibẹ̀ máa ń dínwó díẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ISANS, àjọ tó ń ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nova Scotia lọ́wọ́, kí ẹ tó dé, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, wọ́n ń bá ẹni tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé rẹ̀.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni fún fúláàtì tí ẹ kàn rí àwòrán rẹ̀, ẹ̀tàn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí bíi ti ilé. Tí ọ̀kan bá wù yín, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí. Mi ò sí níṣẹ́ ní Sátidé, mo máa lọ wò ó, màá yẹ hítà rẹ̀ wò, màá sì ka iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ máa rìn dé ibi bọ́ọ̀sì.